Ẹ̀ṣẹ̀, Òfin àti Ìwọ̀n Ìjìyà: Ọ̀rọ̀ Lórí Igbó Mímu ní Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe irú èyí tí a máa ń kọ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ní ọjọ́ ìpàdé wa kan, nígbà tí a dé ibi ẹ̀bẹ̀ àdúrà, arábìnrin wa kan dìde, ó ní kí a bá òun rántí ọmọ òun tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Kò sọ ohun tí ó ṣe ọmọ náà. A gbàdúrà, a ṣe àmín, a jókòó. Nígbà tí ìpàdé túká, ó dúró dè mí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú. Ó ní, "Ìyá, igbó ni wọ́n bá lọ́wọ́ ọmọ mi."

Ọmọ yìí ń gbé ní Chicago, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì ní ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní green card, ṣùgbọ́n kò tíì di ọmọ onílùú. Ó ń wa ọkọ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Indiana, ìpínlẹ̀ tí ó múlé ti Illinois. Àwọn ọlọ́pàá dá a dúró nítorí eré àsápajúdé, wọ́n sì rí igbó díẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Ọmọ náà kò sá, kò sì purọ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ni òun ti rà á, rìsíìtì rẹ̀ sì nìyí. Rìsíìtì kò gbà á. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Arábìnrin wa wá bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn ní ọjọ́ náà. Ó ní, "Ohun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ní ìlú tí ọmọ mi ń gbé, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni àbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀? Bí kì í bá ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí ni wọ́n fi mú un? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí ló dé tí ìjọba ń gba owó orí lórí rẹ̀?" Mo lọ ka ìwé, mo bi àwọn ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún léèrè, mo sì ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

BÍ ÒFIN NÁÀ ṢE RÍ

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ ní òfin tirẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ní ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin kan tí ó ka igbó mọ́ àwọn oògùn olóró tí ó burú jùlọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1973, ìpínlẹ̀ Oregon sọ pé ẹni tí a bá bá igbó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní lọ sẹ́wọ̀n mọ́, owó ìtanràn ni yóò san. Ní ọdún 2012, àwọn ará ìlú Colorado àti Washington dìbò pé kí ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 21 lè máa lò ó láìsí ẹjọ́. Nígbà tí ọdún 2023 fi máa parí, ìpínlẹ̀ 24 ni ó ti gba ọ̀nà yìí. Illinois wà lára wọn láti oṣù kìíní ọdún 2020.

Indiana kò sí lára wọn. Ìwé òfin Indiana sọ pé ẹni tí a bá bá igbó lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, lè lọ sẹ́wọ̀n 180 ọjọ́, kí ó sì san 1,000 dọ́là. Ní Texas, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí ní Houston, igbó tí kò ju áúnsì méjì lọ lè mú ẹ̀wọ̀n 180 ọjọ́ àti owó ìtanràn 2,000 dọ́là wá. Ní Georgia, tí Atlanta wà, áúnsì kan péré lè di ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Bí ó bá ju áúnsì kan lọ, ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí mẹ́wàá ni. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ìyá: ewé kan náà, ọmọ kan náà, ọjọ́ kan náà. Ní ìhìn-ín, wọ́n á fún un ní rìsíìtì. Ní ọ̀hún, wọ́n á dè é lọ́wọ́.

ÒFIN ÀTI Ẹ̀ṢẸ̀ KÌ Í ṢE OHUN KAN NÁÀ

Ìdáhùn mi àkọ́kọ́ sí ìbéèrè arábìnrin wa nìyí: kí a má ṣe fi ìwé òfin ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀ṣẹ̀. Bodè kì í yí ewé padà. Bí igbó bá ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ ní Indiana, yóò bà á jẹ́ ní Illinois pẹ̀lú, ìbáà jẹ́ pé gómìnà ló fọwọ́ sí i. Àwọn dókítà sọ pé ọpọlọ ọ̀dọ́ ṣì ń dàgbà títí dé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, àti pé ọ̀dọ́ tí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀ igbó, tí ó sì ń mu ún lójoojúmọ́, wà nínú ewu àrùn ọpọlọ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Igbó tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù lóde òní sì lágbára fíìfíì ju ti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn lọ. Nítorí náà, kí ìyá kankan má ṣe sọ pé, "Òfin ti gbà á, ó ti parí." Òfin gba ọtí láàyè, síbẹ̀ a mọ iye ilé tí ọtí ti tú ká ní àdúgbò wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Bí òfin bá lè gba ohun tí kò dára láàyè, òfin náà lè jẹ ènìyàn níyà ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ rántí Ṣífírà àti Púà, àwọn agbẹ̀bí tí ìtàn wọn wà ní orí kìíní ìwé Ẹ́kísódù. Òfin Fáráò ni pé kí wọ́n pa àwọn ọmọkùnrin. Ọba ló ṣe é, síbẹ̀ òfin burúkú ni, àwọn obìnrin méjèèjì yìí sì bẹ̀rù Ọlọ́run ju ọba lọ. N kò sọ pé ẹni tí ó mu igbó dàbí ọmọ ọwọ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé onígbàgbọ́ obìnrin kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ síbi tí òfin bá dákẹ́ sí. Ó yẹ kí ó béèrè: ìjìyà yìí, ṣé ó tó ẹ̀ṣẹ̀ náà, àbí ó jù ú lọ?

OGÓJÌ PAṢÁN

Nínú ìwé Diutarónómì, orí 25, Ọlọ́run fi ìwọ̀n sí ìjìyà. Bí ẹni tí ó jẹ̀bi bá yẹ fún nínà, kí wọ́n nà án níwájú onídàájọ́, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n kí paṣán náà má ṣe ju ogójì lọ. Ìdí rẹ̀ ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jùlọ: kí arákùnrin rẹ má baà di ẹni ẹ̀gàn lójú rẹ. Ó jẹ̀bi lóòótọ́, a sì nà án, ṣùgbọ́n arákùnrin rẹ ni ṣíbẹ̀. Ìjìyà gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí yóò parí, kí ẹni tí ó jẹ ẹ́ lè padà sáàárín àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n yìí wọn ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní Louisiana, ní ọdún 2008, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ọkùnrin kan tí kò nílé lórí, nítorí pé ó bá wọn ta igbó tí owó rẹ̀ jẹ́ 20 dọ́là. Ó ti jẹ̀bi àwọn ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tẹ́lẹ̀ rí, òfin ìpínlẹ̀ náà sì sọ pé kí wọ́n ro ti àtijọ́ mọ́ tuntun. Ọdún méjìlá ni ó lò kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní 2020. Èwo nínú wa ni yóò sọ pé paṣán yìí kò ju ogójì lọ?

Ti àwọn àjèjì tún yàtọ̀. Ní ọdún 2007, ní Georgia, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ ọkùnrin ará Jàmáíkà kan dúró. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un wọ Amẹ́ríkà. Igbó tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju gíráàmù 1.3 lọ. Ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ kò tilẹ̀ rán an lọ sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀ràn ńlá ni ó dá, kí ó máa lọ sí ilẹ̀ tí kò mọ̀. Ó di ọdún 2013 kí ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà tó sọ pé wọn kò lè ka irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn ńlá.

Ohun tí arábìnrin wa ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Òfin àwọn àjèjì ní Amẹ́ríkà ṣàánú díẹ̀ fún ẹni tí a bá igbó tí kò ju gíráàmù 30 lọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó sì jẹ́ fún ìlò ara rẹ̀: wọn kò ní torí èyí nìkan lé e kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n bí ilé ẹjọ́ bá ti dá a lẹ́bi, tí ó sì wá jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè dí i lọ́nà ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tí ó bá ń padà wọlé. Nígbà tí agbẹjọ́rò ṣàlàyé èyí fún ọmọ náà, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ owó ìtanràn, kò sì sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Ohun tí ó bi mí ni pé, "Ìyá, bí mo bá kú, ṣé ọmọ mi yóò lè wá sin mí?"

Ẹ̀yin ìyá, a kì í torí orí fífọ́ bẹ́ orí.

ẸNI TÍ ILẸ̀ MỌ́ BÁ

Àwọn àgbà máa ń sọ pé gbogbo wa ni olè, ẹni tí ilẹ̀ mọ́ bá ni barawo. Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ ACLU tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí nípa àwọn tí ọlọ́pàá mú nítorí igbó. Láàárín 2001 sí 2010, ó ju ìgbà mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ tí wọ́n mú ènìyàn, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó sì jẹ́ pé igbó tí wọ́n kàn bá lọ́wọ́ wọn ni, kì í ṣe títà. Iye adúláwọ̀ tí ń mu igbó àti iye òyìnbó tí ń mu ún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n ti adúláwọ̀ tí wọ́n ń mú jẹ́ ìlọ́po 3.73 ti òyìnbó.

Ẹ gbọ́ bí èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1977, ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin àánú kan: ẹni tí igbó tí kò ju gíráàmù 25 lọ bá wà lápò rẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn, owó ìtanràn ni yóò san. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé bí igbó náà bá hàn ní gbangba, ó di ọ̀ràn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọlọ́pàá yóò dá ọ̀dọ́mọkùnrin dúró lójú títì, wọn yóò ní kí ó da àpò rẹ̀ síta. Bí ó bá ti dà á síta, igbó ti hàn ní gbangba nìyẹn, wọ́n á sì mú un. Ní ọdún 2011 nìkan, ó ju ìgbà 50,000 lọ tí wọ́n mú ènìyàn nítorí igbó ní ìlú New York, adúláwọ̀ àti ìran Látínò ni ó sì pọ̀ jùlọ nínú wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ní láti pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe mú ẹni tí ó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ní kí ó mú igbó rẹ̀ jáde. Òfin fi ọwọ́ ọ̀tún ṣàánú, ó fi ọwọ́ òsì gbà á padà. Òṣùwọ̀n méjì nínú àpò kan náà, gbogbo wa tí ń nájà ni a mọ orúkọ tí à ń pe ẹni tí ó bá ní i.

ṢÉ ÀÁNÚ KÒ NÍ BA ỌMỌ JẸ́?

Mo mọ̀ pé arábìnrin kan yóò sọ pé, "Bí a bá dẹ òfin yìí, gbogbo ọmọ ni yóò máa mu igbó." N kò fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Èmi náà ti rí ọmọ tí igbó sọ di aláìnílárí, tí ìyá rẹ̀ ń wá a kiri gareji. Ẹ̀rù igbó ń bà mí. Ṣùgbọ́n ìjìyà líle ha ni ó ń mú ọmọ kúrò nídìí rẹ̀ bí? Nílé wa níhìn-ín, ìjọba ológun ṣe òfin igbó ní ọdún 1966: ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 fún ẹni tí ó bá gbìn ín, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá fún ẹni tí ó bá mu ún. Wọ́n dẹ̀ ẹ́ ní 1975. Ní 1989, òfin tí ó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ tún le: ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 ni ó kọ fún ẹni tí a bá bá oògùn olóró lọ́wọ́ rẹ̀, igbó sì wà lára wọn. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin náà ń gbóòórùn igbó ní ìkòríta yín. Ìjìyà líle kò ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọ ṣe.

Àánú kì í sì í sọ pé ohun tí ènìyàn ṣe dára. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Ààrẹ Biden dárí ji àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ pé a bá igbó lọ́wọ́ wọn fún ìlò ara wọn. Kò kan àwọn tí ìpínlẹ̀ dá lẹ́bi, ó sì rọ àwọn gómìnà pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, gómìnà Maryland, Wes Moore, dárí ẹ̀bi tí ó ju 175,000 lọ jì, kí orúkọ àwọn ènìyàn náà má baà máa dí wọn lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́ àti ilé. Èyí kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti mọ̀. Ẹni tí a kò bá dá lẹ́bi kò nílò ìdáríjì. Àwa tí a ti rí ìdáríjì gbà mọ̀ pé Olúwa kò pe ẹ̀ṣẹ̀ wa ní rere kí ó tó dárí jì wá. Ọmọ tí a bá fi ọwọ́ òsì bá wí, a fi ọ̀tún fà á mọ́ra.

ILÉ ẸJỌ́ TIWA

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, wọ́n mú ọmọ arábìnrin wa kan nítorí igbó ní ìlú wa níhìn-ín. Kò sí ẹni tí ó lé ìyá ọmọ náà kúrò nínú ẹgbẹ́. A kàn dẹ́kun pípè é láti ka Bíbélì. Bí ó bá ń bọ̀, a ó rẹ ohùn sílẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tí ó rẹ ohùn sílẹ̀. Kò pẹ́ tí aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi sí láàárín wa mọ́, n kò sì lọ wá a. Oṣù mẹ́fà ni ilé ẹjọ́ dá fún ọmọ náà. Ẹ̀wọ̀n tí àwa dá fún ìyá rẹ̀ kò ní ọjọ́ ìparí.

Ìdí nìyí tí arábìnrin wa ti ọjọ́sí kò fi lè sọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ níwájú wa. Kì í ṣe Indiana nìkan ni ó ń bẹ̀rù. Ó ń bẹ̀rù wa.

John Wesley àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò ní Oxford ní ọdún 1730, kí a tó máa gbọ́ orúkọ Mẹ́tọ́díìsì káàkiri ayé. Wọn kò kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹlẹ́wọ̀n jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi kí wọ́n tó wọlé tọ̀ ọ́. Láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n ni ìjọ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí a bá wá ń sá fún ìyá ẹlẹ́wọ̀n, ọmọ ta ni àwa?

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ẹ kọ àwọn ọmọ yín tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi igbó sílẹ̀, kì í ṣe nítorí ọlọ́pàá, bí kò ṣe nítorí ara àti ọpọlọ tí Ọlọ́run fún wọn. Ẹ sọ fún àwọn tí kò tíì di ọmọ onílùú pé òfin ìpínlẹ̀ kò lè gbà wọ́n lọ́wọ́ òfin ìjọba àpapọ̀, rìsíìtì kì í sì í ṣe ìwé ìrìnnà. Bí wàhálà bá ti dé, kí wọ́n má ṣe sọ pé àwọn jẹ̀bi ní kóòtù kí ẹjọ́ lè tètè tán, láìjẹ́ pé agbẹjọ́rò tí ó mọ òfin àwọn àjèjì ti gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ní ọdún 2010, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ sọ pé ẹ̀tọ́ wọn ni kí agbẹjọ́rò sọ fún wọn bí ẹ̀bi náà bá lè lé wọn kúrò nílùú. Ẹjọ́ igbó ni ẹjọ́ tí wọ́n tibẹ̀ sọ ọ́.

Nínú ìjọ, ẹ jẹ́ kí a wá ìyá tí ó ti fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ti lọ bẹ arábìnrin wa àtijọ́ náà. Ó ti darúgbó. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún mi ní omi, kò sì sọ pé kò dùn òun.

Nígbà tí mo ń kọ ìwé yìí, ẹjọ́ ọmọ Chicago kò tíì parí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti dìde ní ìpàdé, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rẹ ohùn sílẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ẹgbẹ́:
1. Ohun kan wo ni òfin gbà láàyè tí a kò gbọ́dọ̀ gbà nílé wa?
2. Kí ni a fi lè mọ̀ pé ìjìyà kan ti ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ?
3. Ta ni ìyá tí kò wá sí ìpàdé mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀? Ta ni yóò lọ kí i kí ìpàdé mìíràn tó pé?

Àdúrà: Olúwa onídàájọ́ òdodo, kọ́ wa láti kórìíra ohun tí ó ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́ láì kórìíra àwọn ọmọ náà. Fi ìwọ̀n sí ọwọ́ àwọn onídàájọ́, fi ìjánu sí ẹnu wa, kí o sì mú àwọn tí ó jìnnà sílé padà wá rí ojú ìyá wọn. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.